Bọ́gà Abẹ́ Páànù àti Bọ́gà Ilé Onígíláàsì

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, òórùn àlùbọ́sà díndín ló sì ṣáájú rẹ̀ wọlé. Fàrídà ló gbé òórùn náà wá. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n pè é, kò sì ráyè pààrọ̀ aṣọ. Láti ìdí ààrò rẹ̀ ní Ajah ló ti gun kẹ̀kẹ́ márúwá wá, tòun ti ṣíbí pẹlẹbẹ tí ó fi ń yí ẹran lórí iná. Kí wọ́n tó pe ẹjọ́, àwọn ìjòyè ti ń gbé imú sókè bí ajá ọdẹ. Ọ̀tún tilẹ̀ ti bi Ìyálóde léèrè bóyá wọn ò ní jẹun kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó pẹjọ́ ni Bàbá Akínbọ̀dé. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Bàbá Olúsànyà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ya gbogbo ìlú lẹ́nu. Láti kékeré ni àwọn méjèèjì ti jọ ń wa ọkọ̀ ojú omi kan náà, àwọ̀n kan ni wọ́n jọ ń jù sínú ọ̀sà. Wọ́n ti ń pẹja kí ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́ tó gba ẹ̀yìnkùlé wọn kọjá, wọ́n sì tún ń pẹja lẹ́yìn tí àwọn ilé alájà gogoro ti gba etí omi lọ́wọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Obìnrin ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Bọ́gà ló wá dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn.

Akínbọ̀dé dìde níwájú Kábíyèsí, ó ká fìlà rẹ̀ mọ́wọ́. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé. Ṣùgbọ́n bí ojú rẹ̀ ṣe kan ìpàkọ́ Olúsànyà, ìpàkọ́ tí ó ti ń wò láti ẹ̀yìn ọkọ̀ láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀, gbogbo ohun tó tò tú ká.

"Akínbọ̀dé," ni Kábíyèsí wí, "kí ni Olúsànyà ṣe fún ọ?"

"Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ó sọ̀ mí kalẹ̀ sórí òkìtì iyanrìn láàárín ọ̀sà, ó sì wa ọkọ̀ lọ. Omi sì ń kún bọ̀."

"Omi kún dé ibo?"

"Ó ti dé orúnkún mi kí àwọn awayanrìn tó fi ọkọ̀ wọn gbé mi. Orí ẹrù iyanrìn tútù ni mo jókòó sí wọ ìlú, Kábíyèsí, tí àwọn ọmọdé ń pàtẹ́wọ́ fún mi."

"Kí lo fi ṣe é tó fi já ọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Akínbọ̀dé rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ní bọ́gà Lẹ́kkí dùn ju ti Ajah lọ."

"Kí ló ní?" ni Ìyálóde bi.

"Bọ́gà, Ìyálóde. Búrẹ́dì roboto tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n fi ẹran lílọ̀ há láàárín."

"A mọ bọ́gà," ni Kábíyèsí dáhùn, kíákíá ju bí ó ṣe yẹ kí ọba yára lọ. "Máa bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ."

Ilé ìjẹun méjì ni ìjà náà dá lé. Ọ̀kan wà ní Lẹ́kkí Phase 1, ilé ńlá tí gíláàsì bò láti òkè délẹ̀, tí ó ní ẹ̀ka káàkiri Èkó. Ilé Onígíláàsì ni àwọn ará ìlú ń pè é. Èkejì ni ìsọ̀ Fàrídà lẹ́yìn gáréèjì Ajah: òrùlé páànù, bẹ́ǹṣì kan, ààrò eléèédú. Orúkọ tirẹ̀ ni Abẹ́ Páànù. Fẹ́mi, ọmọ Akínbọ̀dé, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Igbó Ẹfọ̀n, ló ń fi mọ́tò gbé bàbá rẹ̀ lọ sí Ilé Onígíláàsì ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Olúsànyà ní tirẹ̀, ó kàn ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ kan ni òórùn fà á lọ́wọ́ wọ Abẹ́ Páànù, kò sì bọ́ níbẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

"Olúsànyà, ṣé òótọ́ lo já a sílẹ̀ sójú omi?"

"Irọ́ ni, Kábíyèsí. Èmi ò já a sílẹ̀. Mo tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ ni."

"Sínú omi?"

"Sórí iyanrìn, Kábíyèsí. Omi ló wá bá a níbẹ̀. Èmi kọ́ ni mo pe omi."

"Níbo lo wá lọ?"

"Mo lọ ra bọ́gà Abẹ́ Páànù wá fún un ni! A ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí láti òwúrọ̀, gbogbo ẹja ti gbọ́ ohùn wa sá lọ. Mo ní, Akínbọ̀dé, ẹni tí kò tọ́ nǹkan wò kì í bú u. Ó ní òun ò lè jẹ oúnjẹ tí èéfín ń rú lórí rẹ̀. Mo ní kò burú, sọ̀kalẹ̀ síbí kí o dúró dè mí, mò ń bọ̀."

"Bọ́gà náà dà?"

Olúsànyà wolẹ̀. "Mo jẹ ẹ́, Kábíyèsí."

Ààfin hó yèè.

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé! Bọ́gà kì í ṣe ohun tí à ń jẹ ní tútù. Bí mo ṣe gbé e dé èbúté, mo fọwọ́ kàn án, ó ti ń tutù. Mo wá rò ó pé, bí bọ́gà tútù bá kan ẹnu Akínbọ̀dé, á ní ohun tí òun sọ nìyẹn. Ni mo bá jẹ ẹ́, kí ẹ̀rí má baà bàjẹ́. Mo padà lọ ra òmíràn."

"Òmíràn náà ńkọ́?"

"Òun náà tutù, Kábíyèsí."

Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ bo ẹnu. Àwọn ìjòyè ń mú ẹ̀rín mọ́ra, ejìká wọn ń gbọ̀n.

Akínbọ̀dé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, kì í ṣe omi ló bà á lẹ́rù. Ọmọ omi ni, ó mọ̀ pé àwọn awayanrìn kò ní pẹ́ kọjá. Kọ̀rọ̀ tí ọkọ̀ náà gbà lọ ló ń wò, tí ó ń wò ó, tí kò rí ẹnikẹ́ni kó yọ. Kò tíì sí ọjọ́ kan tí Olúsànyà ní òun ń bọ̀ tí kò dé. Ìyẹn ló gbé e wá sí ààfin. Ṣùgbọ́n báwo ni ọkùnrin àgbà ṣe fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú ìjòyè? Ó yáa gba ti bọ́gà.

"Kábíyèsí, ẹ bi í léèrè kí ló wà ní Abẹ́ Páànù tó ń gbé e gun igi. Bẹ́ǹṣì kan! Bí ẹni tó wà létí kan bá dìde, ilẹ̀ ni ẹni tó wà létí kejì ń bá ara rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àga rọ̀ bí ìrọ̀rí. Ẹ́ákọ̀n ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Ọmọge ìdí káńtà á ní, 'Ẹ káàbọ̀ sà, Bàbá wa.' Búrẹ́dì wọn ń dán, wọ́n tún fi hóró yànmọtí ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ lórí."

"Búrẹ́dì tó ń dán!" Olúsànyà bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti bá a lọ síbẹ̀ rí, Kábíyèsí. Wọ́n ya àwòrán bọ́gà sára ògiri, ó tóbi bí orí màlúù. Èyí tí wọ́n wá gbé fún mi, bí ìdodo ọmọ tuntun ló rí. Ẹran inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé tí ẹ bá gbé e sókè, ẹ ó máa rí àwọn tó ń kọjá lójú títì. Mo ní kí wọ́n bá mi fi ata sí i. Wọ́n ní àwọn ò ní ata, wọ́n wá fún mi ní tòmátò inú ọ̀rá. Tòmátò tó ń dùn bíi ṣúgà! Ní Abẹ́ Páànù, Fàrídà á kọ́kọ́ bi yín: ṣé ata ọmọdé ni àbí ata àgbà? Èéfín á ti wọ inú ẹran lọ. Ọ̀rá á máa kán sí yín lọ́wọ́ tó, tó. Tí ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ ó mọ̀ pé ẹ jẹ nǹkan."

"Eṣinṣin ńkọ́?" ni Akínbọ̀dé bi.

"Eṣinṣin mọ ohun tó dára. Ṣé o rí ẹyọ eṣinṣin kan ní Ilé Onígíláàsì rí? Ìyẹn ò yé ọ?"

Ọ̀tún kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Kábíyèsí, kí á má ṣe dá ẹjọ́ yìí láìmẹ́nu ba èyí tó wà ní Igbó Ẹfọ̀n, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ́fíìsì ńlá yẹn. Wọ́n ń din ẹyin lé tiwọn lórí. Òun gan-an ni bàbá wọn."

"Ẹyin!" Ìyálóde yíjú sí i. "Ọ̀tún, ìgbà wo ni ẹyin di ara bọ́gà? Ẹ kò kúkú fi mọ́ínmọ́ín sí i!"

"Ìyálóde, ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀?"

"Mo kàn gbọ́ ni."

Kábíyèsí fi ìrùkẹ̀rẹ̀ lu apá àga. "Ẹ jẹ́ á gbọ́ tẹlẹ́rìí. Fàrídà, ṣé Olúsànyà wá ra bọ́gà lọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ náà?"

Fàrídà kúnlẹ̀, ṣíbí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Wọ́n wá, Kábíyèsí. Wọ́n ń sáré. Wọ́n ní kí n tètè bá àwọn dì í, pé ọ̀rẹ́ àwọn wà lójú omi."

Olúsànyà ń mi orí. "Ẹ ò gbọ́?"

"Wọ́n wá jókòó."

Orí Olúsànyà dúró.

"Ṣebí o ní ó ń sáré?" ni Kábíyèsí wí.

"Wọ́n sáré jókòó ni, Kábíyèsí. Wọ́n jẹ àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ̀ bóyá ata rẹ̀ tó. Wọ́n jẹ ìkejì, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé bí àkọ́kọ́ ṣe rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n nà gbalaja sórí bẹ́ǹṣì."

"Kò gbé e dé èbúté rárá?"

"Èbúté wo, Kábíyèsí?"

"Ó sùn?"

"Èmi ò lè fẹnu ara mi sọ pé wọ́n sùn. Wọ́n kàn ń hanrun ni."

"Fàrídà!" Olúsànyà kígbe. "Èmi tí mò ń polówó ọjà rẹ káàkiri ọ̀sà!"

"Ẹ má bínú, Bàbá mi. Mo fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ààfin la wà. Ẹ hanrun."

Akínbọ̀dé wò ó pé ẹjọ́ ti di tòun. Ó ṣẹ́wọ́ sí ẹlẹ́rìí tirẹ̀, Samson, tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Ilé Onígíláàsì. Samson bọ́ síwájú nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kan sáárá sí ọba bíi ṣọ́jà.

"Samson, ṣé o mọ Akínbọ̀dé?"

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa, Kábíyèsí. Ọjọ́ Ẹtì ni tiwọn."

"Ṣé lóòótọ́ ló fẹ́ràn bọ́gà yín?"

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni. Wọ́n máa ń wò ó."

"Ó máa ń kí ni?"

"Wọ́n máa ń wò ó, Kábíyèsí. Èmi ò rí i kí wọ́n jẹ ẹ́ rí. Áísìkiriìmù ni mo máa ń rí tí wọ́n ń lá. Tí ọmọ wọn bá ti dìde lọ fọwọ́, wọ́n á fi tísù wé bọ́gà náà, ó di inú àpò agbádá."

Akínbọ̀dé kò rò ó rí pé ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn lè máa ṣọ́ ẹnu òun pẹ̀lú. Ó yíjú wo Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, tí ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ó ń fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ìyálóde rí ojú náà.

"Àṣàkẹ́, ta ló ń jẹ bọ́gà tí ọkọ rẹ ń gbé wálé?"

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, Ìyálóde, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́."

"Sọ ọ́."

"Adìẹ mi ni."

Ìyálóde ní kó ṣàlàyé.

"Ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu ọkọ mi ò lè gé bọ́gà. Kò sì fẹ́ kí Fẹ́mi mọ̀, kí ọmọ náà má baà ṣíwọ́ gbígbé e lọ. Ó ń já a sílẹ̀ fún àwọn adìẹ, wọ́n sì ti mọ ọjọ́ Ẹtì. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ìró mọ́tò, gbogbo wọn á sáré lọ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

Olúsànyà fò dìde. "Háà! Akínbọ̀dé! Ẹnu adìẹ lo fi ń bá mi jiyàn látọjọ́ yìí!"

Ẹ̀rín bú. Fìlà Ọ̀tún bọ́ sílẹ̀, kò ráyè mú un. Samson tó dúró bíi ṣọ́jà di ọwọ́ mọ́ ikùn. Ó wu Akínbọ̀dé kí ilẹ̀ ààfin lanu gbé òun mì.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Kábíyèsí tẹ̀ síwájú lórí àga. "Akínbọ̀dé, bí o kò bá lè jẹ ẹ́, kí ló ń gbé ọ débẹ̀?"

Samson ló dáhùn fún un, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kábíyèsí, àga kan wà nídìí gíláàsì, ní igun. Ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jókòó. Tí ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, wọ́n á dúró dè é ni. Ọmọ wọn á ní, 'Bàbá, àga mìíràn pọ̀.' Wọ́n á ní rárá."

"Kí ló wà níbi àga náà?"

Akínbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Ilé wa ni, Kábíyèsí. Kí wọ́n tó kó wa kúrò níbẹ̀, kí wọ́n tó da iyanrìn kún un, ibẹ̀ ni agbo ilé bàbá mi. Ibi tí àga yẹn wà, ìdí ààrò ìyá mi ni. Ibẹ̀ ló ti ń yan ẹja. Tí mo bá jókòó síbẹ̀ tí mo wo ìta, ọ̀sà ṣì wà níbi tí ó wà nígbà náà, gíláàsì nìkan ló là wá láàárín. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kéèyàn jókòó lásán. Ẹni tí kò bá ra nǹkan, wọ́n á ní kó dìde. Ni mo bá ń ra bọ́gà. Mi ò wá lè fẹnu mi sọ pé ohun tí mo ń rà kí n tó wọ ilé bàbá mi kò dùn."

Olúsànyà rọra jókòó. Ó ní: "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"O máa ń pariwo."

"Èmi?" ni Olúsànyà pariwo. Ó wo àyíká, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi?"

Kábíyèsí bá àwọn ìjòyè fi orí korí. A gbọ́ tí Ọ̀tún tún ń dárúkọ ẹyin, tí Ìyálóde ń lù ú lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Kábíyèsí na ìrùkẹ̀rẹ̀ jáde.

"Olúsànyà, o jẹ̀bi. Ẹni tó fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú omi tó lọ ń hanrun, ìlú ló yẹ kí n lé e kúrò. N kò ní lé ọ. Ìyà tìrẹ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti òní lọ, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wàá máa bá Akínbọ̀dé lọ sí Ilé Onígíláàsì, wàá jókòó kọjú sí i. Bọ́gà rẹ̀, ìwọ ni wàá máa jẹ ẹ́ tán pátápátá. Láìsí ata."

Olúsànyà dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ fi mí sẹ́wọ̀n!"

"N kò tíì parí. Bí o bá ti gbé e mì, wàá sọ ọ́ sókè kí ọmọge ìdí káńtà gbọ́ pé ó dùn."

"Ata díẹ̀, Kábíyèsí! Ata ọmọdé!"

"Kò sí ata. Akínbọ̀dé, ìwọ náà jẹ̀bi. O jẹ́rìí nípa oúnjẹ tí o kò fi ẹnu kàn rí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì bá ti mọ́, Abẹ́ Páànù ni wàá mọ́rí lé. Fàrídà á gún ẹran tìrẹ lódó títí á fi rọ̀ bí ẹ̀kọ, á fi ata àgbà sí i, wàá sì lá a tán lórí bẹ́ǹṣì. Omijé bọ́ o, kò bọ́ o, wàá lá a tán."

"Kábíyèsí, odó ń bẹ," ni Fàrídà wí, inú rẹ̀ dùn.

"Ó ku àwọn adìẹ. Wọ́n jẹ ohun tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì jẹ́ kí àgbà méjì ba ọ̀rẹ́ jẹ́. Àṣàkẹ́, kí ọ̀kan nínú wọn wá jẹ́jọ́ ní ààfin lọ́la, ní ilé ìdáná."

"Èwo nínú wọn, Kábíyèsí?"

"Èyí tó sanra jù. Òun ló jẹ bọ́gà jù."

Báyìí ni ẹjọ́ ṣe parí. Àwọn èèyàn tú ká, ẹlòmíràn tẹ̀lé òórùn Fàrídà lọ sí Ajah. Akínbọ̀dé ń lọ sí etí omi, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ Olúsànyà lẹ́yìn rẹ̀. Kò wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó dẹ ìrìn.

"Ọjọ́ Ẹtì yìí," ni Olúsànyà wí, "kí ni n ó wọ̀?"

"Wọ bàtà. Má wọ sílípáàsì."

Wọ́n rìn díẹ̀.

"Ààrò ìyá rẹ yẹn. Mo máa ń jí ẹja níbẹ̀."

"Ìyá mi mọ̀. Ó máa ń ti èyí tó tóbi sí etí ààrò fún ọ."

Olúsànyà dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí ọkọ̀, ó bọ́ síwájú bó ṣe máa ń ṣe, Akínbọ̀dé bọ́ sẹ́yìn. Olúsànyà ti àjẹ̀ bọ omi.

"Ata ìyá rẹ ta," ló wá sọ. "Ó yẹ kí àwọn tó gba ilẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń fi ata sí oúnjẹ níbẹ̀."